Ṣé èèyàn lè kọ́ fly fishing látinú mágásíìnì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé etí odò rí, ẹ wá bá mi dá sí i

Dírẹ́bà287

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mẹ́rin, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ níbi tí mo wà, ni mo ṣe ní kí n gbé e wá síbí.

Tírélà ni mò ń wà ní Amẹ́ríkà, ọdún kẹfà rèé. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ẹrù tó ń lọ sápá Montana, ọ̀nà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní US 287, tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Ennis tẹ́ ẹ dorí kọ ìhà West Yellowstone, odò Madison ni yóò máa bá yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á yà lọ díẹ̀, á tún padà wá, òkè lọ́tùn-ún òkè lósì, yìnyín ṣì wà lórí wọn nínú oṣù kẹfà, omi yẹn á sì máa sáré lórí òkúta bí ẹni pé ó ń hó. Mo ti wa ọkọ̀ dé ọ̀pọ̀ ibi ní orílẹ̀-èdè yìí, mi ò tíì rí ọ̀nà tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn èèyàn tó dúró nínú odò, omi mù wọ́n dé ìtan, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ju okùn síwájú sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, okùn náà á na gbọọrọ lẹ́yìn wọn, á tún na gbọọrọ níwájú, á wá balẹ̀ sórí omi jẹ́ẹ́. Mo dá ọkọ̀ dúró níbi tí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún wa, mo wò wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú. Apẹja ni bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ o, àwọ̀n ni wọ́n ń jù, mo bá wọn wọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà láti kékeré, nítorí náà kì í ṣe pé mi ò mọ ẹja. Àmọ́ irú eléyìí, mi ò rí i rí.

Nígbà tó yá mo bá àwọn ògbólógbòó mágásíìnì lórí tábìlì níbi tí a ti ń fọṣọ ní ibùdókọ̀ tírélà kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wù lè mú un lọ. Méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti fly fishing. Mo kà á títí ó fi fẹ́ẹ̀ ya. Mo ti ra ọ̀pá, mo ra okùn, mo so òwú pupa mọ́ ẹnu okùn dípò ìwọ̀, mò ń ju okùn lórí koríko lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbogbo ohun tí wọ́n yà síbẹ̀ ni mo ṣe, wọ́n ní kí ọ̀pá dúró bí ọwọ́ aago ní aago mẹ́wàá, kó tún dúró ní aago méjì, mo ṣe é, síbẹ̀ ṣe ni okùn ń já lulẹ̀ lẹ́yìn mi, tó bá tún wá síwájú á wé mọ́ra wọn bí ìfun ewúrẹ́.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé èèyàn lè kọ́ nǹkan yìí nínú mágásíìnì lóòótọ́, àbí dandan ni kí n sanwó fún gáìdì?

ỌmọOǹdó_Denver

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà, ẹ kọ́kọ́ là á yé àwa tí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Kí ló mú un yàtọ̀ sí ìwọ̀ lásán? Ṣebí ìwọ̀ ni ìwọ̀ ń jẹ́?

Dírẹ́bà287

@ỌmọOǹdó_Denver ìbéèrè gidi ni. Ìwọ̀ tí a mọ̀ nílé, ẹ ó so òjé mọ́ ọn, ẹ ó fi ekòló sẹ́nu ẹ̀, ẹ ó jù ú, òjé ló ń gbé okùn lọ. Tiwọn yìí, ohun tó wà lẹ́nu ìwọ̀ ò ju ìyẹ́ àkùkọ àti irun ẹran lọ, wọ́n fi òwú dì í mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Òun ni wọ́n ń pè ní fly. Kò wúwo rárá, tẹ́ ẹ bá jù ú lọ́wọ́ lásán kò lè dé iwájú bàtà yín. Nítorí náà okùn gan-an ni wọ́n ṣe kó wúwo, okùn ló ń gbé fly lọ. Tèmi jẹ́ nọ́ńbà 5, òun ni wọ́n sọ pé ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 9, ọ̀pá sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Èyí ni mágásíìnì kọ́ mi dáadáa, mi ò bá má mọ̀ ọ́n láé ká ní mo kàn ń wò wọ́n lójú ọ̀nà.

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀ọ̀dá. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé èmi nìkan ni Yorùbá tó ń ṣe é.

Ohun tó ń ṣe yín ti ṣe mí rí. Fọ́tò ò lè fi dídúró han èèyàn. Ó lè fi ibi tí ọ̀pá wà hàn yín, aago mẹ́wàá, aago méjì, ó péye, àmọ́ láàárín aago méjèèjì yẹn ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí okùn na tán lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó fà á wá síwájú, ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, fọ́tò ò sì ní àkókò nínú. Bí okùn bá ṣe gùn sí ni ìdúró ń gùn sí. Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yíjú sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wo okùn yín bó ṣe ń na, ẹ má tijú, àwọn tó ti ṣe é lógún ọdún ṣì ń yíjú wò ó. Ẹ ní bàbá yín ń ju àwọ̀n. Ṣé wọ́n máa ń kánjú jù ú ni? Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé èjìká yí, tí wọ́n á jẹ́ kí àwọ̀n kúrò lára wọn kó ṣí fúnra ẹ̀.

Èmi, nọ́ọ̀sì ni mí, Winchester ni mo ń gbé, odò Itchen ń gba àárín ìlú wa kọjá. Nígbà tí mo dé ibí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mi ò mọ ẹnikẹ́ni, tí mo bá ti jáde níṣẹ́ alẹ́ láàárọ̀ mi ò kí ń lè sùn lójú ẹsẹ̀, ni mo bá ń rìn létí odò. Omi yẹn mọ́ débi pé ẹ ó máa rí ẹja lábẹ́ ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń wo inú gíláàsì. Wọ́n ní torí ilẹ̀ ẹfun ni, òjò á wọ inú ẹfun lọ, á pẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ á sẹ́ ẹ, á wá sun jáde ní tútù kan náà tẹ́ẹ̀rùn tòjò, nǹkan bíi 10 tàbí 11 lórí ìwọ̀n Celsius. Odò ẹfun báyìí ò pọ̀ láyé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.

Mo máa ń dúró lórí afárá, mo máa ń wo ẹja kan tó máa ń wà níbì kan náà lójoojúmọ́. Á dúró sójú kan nínú omi tó ń ṣàn, á máa fi ìrù gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, lójijì á gòkè wá, á gbé nǹkan kan mì lójú omi, á padà sáàyè ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ. Ìgbà tí mo rí mágásíìnì Trout & Salmon lọ́wọ́ bàbá aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù, tí bàbá náà yọ̀ǹda ẹ̀ fún mi, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mayfly ni. Ọdún 1955 ni mágásíìnì yẹn ti ń jáde o. Tẹ́ ẹ bá bi mí, mágásíìnì ò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ju okùn. Ohun tó kọ́ mi ni orúkọ nǹkan tí mo ti ń wò tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti mọ orúkọ nǹkan, ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i níbi gbogbo.

ỌmọOǹdó_Denver

Àǹtí, kí ni mayfly?

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Kòkòrò kékeré ni, ìyẹ́ ẹ̀ dúró sókè lórí ẹ̀yìn ẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Ṣé ẹ rántí èsúnsún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán tí wọ́n á tú jáde láti inú ilẹ̀ tí wọ́n á bo gílóòbù? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn ṣe ń jáde, ìsàlẹ̀ odò ni tiwọn ti ń wá. Èyí tó tóbi jù níbí, Ephemera danica ni wọ́n ń pè é, á gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò fún ọdún kan tàbí méjì, á wá gòkè lọ́jọ́ kan ní òpin oṣù karùn-ún, á bọ́ awọ, á fò. Kò ní jẹun mọ́ láti ìgbà yẹn torí ẹnu ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Á gùn, á yé ẹyin sójú omi, ó parí, ọjọ́ díẹ̀ péré ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde yẹn ẹja máa ń gbàgbé gbogbo ìṣọ́ra, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn paapaa ni àwọn ará ibí fi ń sọ pé ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe náà á rí ẹja pa.

Akọ́ṣọ̀nà_ATL

Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo máa ń di fly fúnra mi níbí, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi kún un.

Ẹ má ra fly rẹpẹtẹ. Ẹ wá Adams, ẹ wá Elk Hair Caddis, ẹ wá Woolly Bugger àti nymph kan tàbí méjì, ìyẹn fly tó jọ ọmọ kòkòrò inú omi, ó tó. Adams yẹn, Len Halladay ló dì í ní Michigan lọ́dún 1922, kò jọ kòkòrò kankan ní pàtó, ó kàn jọ gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀, ìyẹ́ àkùkọ pupa-rúsúrúsú pẹ̀lú àkùkọ abilà ni wọ́n pa pọ̀ sí i lọ́rùn, mo ti dì í ju igba lọ, kò tíì sú mi. Caddis ní tiẹ̀, Al Troth ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, irun ẹranko elk ló máa ń jẹ́ kó léfòó. Ẹ fi sọ́kàn pé nọ́ńbà ìwọ̀ ń lọ sẹ́yìn ni o, 18 kéré sí 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra èyí tí wọn ò fẹ́.

Nípa mágásíìnì: ògbólógbòó ẹ̀ dáa, Fly Fisherman ti ń jáde láti ọdún 1969, ohun tó wà nínú ti àtijọ́ lórí kíka omi ṣì dúró ṣinṣin. Kókó okùn náà ò yí padà, clinch knot ti ìgbà náà ni clinch knot ti òní, ẹ kàn rántí kẹ́ ẹ fi itọ́ tutù okùn kẹ́ ẹ tó fà á le. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n bá sọ nípa bàtà. Gbogbo mágásíìnì àtijọ́ ló máa sọ fún yín pé bàtà tí wọ́n fi fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ tó ki, sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ló dáa jù torí kì í yọ̀ lórí òkúta. Òótọ́ ni, kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n fẹ́ẹ̀tì máa ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń gbé àrùn àti ìgbín wẹ́wẹ́ láti odò kan lọ sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí páàkì Yellowstone fi fòfin dè é láti 2018. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé mágásíìnì ọdún 1990 wọ inú páàkì yẹn, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ odò.

Ẹ̀yin tí ò bá rí ògbólógbòó, ẹ gba káàdì láíbìrì, ẹ fi ṣí áàpù Libby sórí fóònù yín, mágásíìnì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

BàbáÌbàdàn

Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá mú ẹja yẹn tán ṣe lẹ ń dá a padà sódò? Ọmọ mi tó wà ní Kánádà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ẹja ńlá, mo ní kí ló fi sè, ó ní òun ti dá a sílẹ̀. Kò yé mi. Tébi bá ń pa èèyàn kó pa ẹja kó jẹ ẹ́, Ọlọ́run ló fún wa. Tébi ò bá pa á, kó fi ẹja sílẹ̀ kó máa gbádùn ayé ẹ̀. Kéèyàn wá fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, kó fà á títí á fi rẹ̀ ẹ́, kó ya fọ́tò, kó wá ní ó dàbọ̀, ìyà lásán ni mo pe ìyẹn.

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Bàbá, ẹ kú àgbà o. A ò lè bínú sí yín, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn òyìnbó gan-an ń jà lórí ẹ̀ títí dòní, àwọn kan wà tí wọ́n gbà pẹ̀lú yín pátápátá, ní Jámánì òfin ò tiẹ̀ fẹ́ kéèyàn máa pẹja nítorí àtidá a sílẹ̀ nìkan.

Èmi máa ń jẹ tèmi níbi tí wọ́n bá ti gbà mí láyè. Àwọn adágún tí wọ́n ń da trout, irú ẹja tí à ń sọ yìí, sí wà níbí, ẹ ó sanwó, ẹ ó mú méjì lọ sílé, mo máa ń fi ata àti àlùbọ́sà sè é, kò yàtọ̀. Àmọ́ ẹja inú odò tó bí ara ẹ̀ níbẹ̀ ò pọ̀. Tí gbogbo wa bá ń mú un lọ, kò ní pé ọdún méjì tí odò á fi dákẹ́. Mi ò lè sọ pé kò dùn ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo máa ń tẹ eyín ìwọ̀ mi wọlé kó má baà kọ́ ẹran ara ẹ̀, mi ò kí ń fà á pẹ́, mo máa ń tọwọ́ bọ omi kí n tó fọwọ́ kàn án torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹ̀, mi ò sì ń gbé e kúrò nínú omi tí kò bá pọn dandan.

ỌmọÒṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n bá bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bàbá, ní ìlú tiwa, kò sẹ́ni tó ń pẹja nínú odò Ọ̀ṣun níbi tó ti gba igbó òrìṣà kọjá. Ẹja wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn èèyàn máa ń fún wọn lóúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Orúkọ oyè ọba wa gan-an, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni, ẹja tí Ọ̀ṣun fi ránṣẹ́ sí Láróòyè nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó. Nítorí náà kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹja wà tí a kì í jẹ. Àmọ́ èmi náà gbà pẹ̀lú yín níbì kan, àwa ò kọ́ ọ ní ìwọ̀ kí a tó fi í sílẹ̀.

BàbáÌbàdàn

@ỌmọÒṣogbo o ṣé ọmọ mi. Ìyẹn yé mi. Ìyàtọ̀ tó o sọ kẹ́yìn yẹn ló wà lọ́kàn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn náà, ó fi sùúrù dá mi lóhùn, mi ò tíì gbà o, àmọ́ mo ti gbọ́.

Kàǹjì_Ojú_Odò

Nàìjíríà ni mo wà, ilé iṣẹ́ mi sún mọ́ Kàǹjì. Ṣé a lè ṣe fly fishing níbí? Trout ń kọ́?

Akọ́ṣọ̀nà_ATL

Trout ò lè gbé nínú omi wa, ó ti móoru jù fún un. Ní Kẹ́ńyà wọ́n rí i ṣe torí òkè gíga tí omi tútù ti ń ṣàn wá, ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó o wá síbẹ̀. Àmọ́ ẹja eléyín ṣóṣóró tí òyìnbó ń pè ní tigerfish wà nínú odò Ọya lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ó ń gbá fly mú burúkú. Fly tó jọ ẹja wẹ́wẹ́ lẹ máa lò, wáyà ni kẹ́ ẹ fi sẹ́nu okùn, tó bá jẹ́ ọ̀rá lásán ṣe ló máa gé e. Fún ìdánrawò, ẹpìyà inú adágún ẹja tó, ó máa ń gba nymph kékeré.

ỌmọOǹdó_Denver

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òfin. Ṣé èèyàn kàn lè wọ odò èyíkéyìí ni? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ìbọn sí mi.

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Níbí o, rárá. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì ìjọba, lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń gba etí odò Test pa mọ́ láti ọdún 1822 ní Stockbridge. Fún mi, wíwò ló pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún ni mo ń rówó san fún odò gidi, ìyókù adágún ni. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́, kí n máa gba ẹ̀gbẹ́ omi kọjá lójoojúmọ́ kí n má lè fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Dírẹ́bà287

Montana yàtọ̀ pátápátá. Láti 1985 òfin wọn sọ pé odò wà fún gbogbo ènìyàn títí dé ibi tí omi máa ń kún dé, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ bá ibi tó tọ́ wọlé, bí abẹ́ afárá tàbí ibi tí ìjọba ṣe sílẹ̀, ẹ má fo wáyà olóko. Ẹ ra láísẹ́ǹsì wọn. Tẹ́ ẹ bá wọ páàkì Yellowstone, ti ìpínlẹ̀ ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, páàkì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Colorado tí ìwọ wà, kò rí bíi ti Montana, òfin ibẹ̀ le fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ odò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, torí náà wá ibi tó jẹ́ ti ìjọba.

Àǹtí Winchester, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti ń yíjú wo ẹ̀yìn. Okùn ti ń na!! Mo ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń lọ, ọkọ̀ kékeré ni mo máa wà, kì í ṣe tírélà.

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re. Ẹ má wọ omi títí ẹ ó fi wò ó fún ìdajì wákàtí. Tí omi bá ti gbóná jù lọ́sàn-án, ẹ fi ẹja sílẹ̀, kò ní lè mí dáadáa tẹ́ ẹ bá dá a padà.

Dírẹ́bà287

Mo ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó máa gùn díẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní mi ò ju okùn rárá. Mo wakọ̀ láti Three Forks, níbi tí Madison, Jefferson àti Gallatin ti pàdé tí wọ́n di odò Missouri, mo bá odò gòkè lọ títí dé Quake Lake. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá nínú tírélà bí ìgbà mẹ́wàá láìmọ ohun tó jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1959 ilẹ̀ mì, òkè ya lulẹ̀, ó dí odò Madison pa, èèyàn 28 kú, ọ̀pọ̀ wọn ń sùn nínú àgọ́ létí omi ni. Omi kún lẹ́yìn òkè tó ya yẹn, ó di adágún. Àwọn igi tó kú nígbà yẹn ṣì wà ní ìdúró nínú omi títí dòní, funfun, láìléwé. Mo dúró níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo bọ́ fìlà, mo kí àwọn òkú.

Ìsàlẹ̀ adágún yẹn ni omi tún ti ń sáré. Mo lọ sí Three Dollar Bridge, orúkọ yẹn wá látara pé dọ́là mẹ́ta ni onílẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ kéèyàn tó wọlé. Mo dúró lórí afárá bí àǹtí ṣe wí. Nínú mágásíìnì mi wọ́n ya àwòrán kan, ọfà tó nípọn fún omi tó ń sáré, ọfà tẹ́ẹ́rẹ́ fún omi tó rọra ń lọ, wọ́n fi ilà sáàárín, wọ́n ní orí ilà yẹn ni ẹja máa ń wà torí ibi tó rọra ni yóò ti sinmi, ibi tó ń sáré ni oúnjẹ ẹ̀ ti ń kọjá. Mo ti ka ojú ìwé yẹn tó ìgbà ogún. Lórí afárá yẹn ni mo tó rí ilà náà. Ó wà lórí omi lóòótọ́! Lẹ́yìn gbogbo òkúta ńlá, ìlà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, wọ́n ń gbọ̀n.

Mo wá sọ̀kalẹ̀, mo wọ omi tààrà títí dé orúnkún, mo ń ju okùn lọ sáàárín odò. Wákàtí kan, kò sí nǹkan kan. Bàbá àgbà òyìnbó kan tó ń kọjá létí omi kí mi, ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé orí ẹja ni mo dúró lé. Ẹja Madison ò sí láàárín, ẹ̀gbẹ́ ló wà, níbi tí omi ò ju orúnkún lọ, nídìí òkúta. Mo jáde. Mo jókòó. Mo rántí bàbá mi, wọn kì í kúrò ní èbúté títí wọ́n á fi jókòó sẹ́nu ọkọ̀ wo ojú ọ̀sà, tí n bá ń kánjú wọ́n á ní, "Jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kí ẹ." Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà yẹn.

Mo yí òkúta kan padà nínú omi. Àwọn kòkòrò wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kọ́ ilé kéékèèké yí ara wọn ká, caddis nìyẹn, ó wà nínú mágásíìnì mi ojú ìwé 41. Mo so Elk Hair Caddis, nọ́ńbà 16. Mo dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo jù ú sí ẹ̀yìn òkúta kan tí kò jìnnà ju ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ìgbà àkọ́kọ́ omi wọ́ okùn, fly sáré bí ọkọ̀ ojú omi, ẹja ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìgbà karùn-ún tàbí ìkẹfà ó balẹ̀ dáadáa, ó ń bá omi lọ fúnra ẹ̀ láìsí ohun tó ń fà á, mo ń kà á lọ́kàn, ení, èjì, ẹ̀ta, omi là, fly ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fa ọ̀pá kíá jù, ó já. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ kẹta ni mo mú ọ̀kan. Trout tí wọ́n ń pè ní rainbow ni, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ilà pupa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìrù, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ní gbogbo ẹ̀yìn. Mo tọwọ́ bọ omi, omi yẹn tutù dé egungun. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi wà lọ́wọ́ mi, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó fi ń mí, tó ń ṣí tó ń pa dé, mo tú u sílẹ̀, kò tiẹ̀ sáré, ó rọra padà sẹ́yìn òkúta ẹ̀. Mi ò ya fọ́tò, BàbáÌbàdàn, ọ̀rọ̀ yín ló wà lọ́kàn mi.

Nígbà tí mo padà dé Ennis mo ra mágásíìnì tuntun, mo kà á nínú ọkọ̀, ìwé kan náà ò sì dà bí ìwé kan náà mọ́. Gbogbo fọ́tò tí mo ti ń wò torí pé wọ́n rẹwà, mo wá ń wá ilà yẹn nínú wọn, mo ń bi ara mi pé níbo ni ẹja wà nínú èyí, níbo ni mo máa dúró.

ÌyáKáyọ̀dé_Winchester

Mo sunkún díẹ̀. Ẹ kú oríire, bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú oríire gan-an. Tẹ́ ẹ bá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa mú yín lọ sí Kàtídírà Winchester, wọ́n sin Izaak Walton síbẹ̀ lọ́dún 1683, ẹni tó kọ ìwé ìpẹja tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ ya á sí fèrèsé, ó jókòó létí odò, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú Tẹsalóníkà kìn-ín-ní sísàlẹ̀ ẹ̀, pé ká máa gbé jẹ́ẹ́. Mo máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́.

BàbáÌbàdàn

Mo ka gbogbo ẹ̀. O ṣé tó o rántí mi. Bàbá ẹ tó sọ pé kí omi kọ́kọ́ kí ẹ, apẹja gidi ni wọ́n.

ỌmọOǹdó_Denver

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba káàdì láíbìrì, mo ti ṣí Libby. Ọjọ́ Sátidé mò ń lọ síbi tí odò South Platte ti gba ilẹ̀ ìjọba kọjá, mi ò tíì ra ọ̀pá. Kí ni kí n mú dání?

Dírẹ́bà287

Mú omi mímu àti fìlà. Mú awò dúdú tó ń pa dídán ojú omi, kó o lè rí abẹ́ ẹ̀. Yí òkúta bíi mẹ́ta mẹ́rin padà létí odò, ya fọ́tò ohun tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ kó o fi síbí, kó o sì dá òkúta padà bó o ṣe bá a.